Barkley Marathons: ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń parí ẹ̀ ni, àbí orí?

Asáré_Títì:
Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, òní ni màá kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Orí títì lèmi ti ń sáré, ó ti di ọdún kẹsàn-án. Mo ti parí máratọ́ọ̀nù mẹ́rìnlá, mo sì ti sá 100 kìlómítà lẹ́ẹ̀kan rí.

Láti oṣù mélòó kan ni ọ̀rọ̀ Barkley Marathons ti gbà mí lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá tíì gbọ́ ọ rí, eré ìje inú igbó ni, ní Frozen Head State Park, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Wartburg ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà. Láti 1986 ni wọ́n ti ń sá a. Yípo márùn-ún ni asáré máa ṣe, wọ́n ní yípo kọ̀ọ̀kan jẹ́ 20 máìlì, gbogbo ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ kọjá wákàtí 60.

Mo jókòó, mo ṣírò ẹ̀. 100 máìlì nínú wákàtí 60, ìyẹn ò tó máìlì méjì ní wákàtí kan. Ẹni tó ń rìn gbẹ̀fẹ́ yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, láti 1989 tí wọ́n ti sọ ọ́ di 100 máìlì títí di eré 2025, ènìyàn 20 péré ló parí ẹ̀. Àwọn tó sì ń kùnà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, àwọn míì nínú wọn ti gba ipò kìíní níbòmíì. Kí ló ń dá wọn dúró? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fojú kéré ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ kó yé mi ni.

Kọ́ńpáàsì_Lọ́wọ́:
Ẹ káàbọ̀. Ìṣirò yín ò ní àléébù, àmọ́ orí títì lẹ ti ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé 20 máìlì yẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ibẹ̀ ló gbà pé yípo kan sún mọ́ 26. Òkè ló tún kàn. Bí ẹ bá ro gbogbo òkè tí asáré máa gùn nínú yípo márààrún pọ̀, ó tó nǹkan bíi 60,000 ẹsẹ̀ bàtà. Everest fúnra ẹ̀, láti etí òkun dé ṣóńṣó, 29,032 ni. Ẹ ó gun Everest lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Sísọ̀kalẹ̀ yẹn gan-an ló ń jẹ itan ènìyàn.

Ohun tó wá máa ń ṣẹ́gun àwa tí títì tọ́ dàgbà ni pé kò sẹ́ni tó ń fọ̀nà hàn yín. Kò sí àmì lára igi, kò sí ẹni tó dúró ní oríta tó ń nawọ́. Wọn ò gba GPS láàyè. Ọjọ́ tó ṣáájú eré ni wọ́n máa ń gbé máàpù kan ṣoṣo kalẹ̀ níbi àgọ́, kálukú á da ọ̀nà tó wà lórí ẹ̀ kọ sórí máàpù tiẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku ẹ̀yin, máàpù yín àti kọ́ńpáàsì yín.

Kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ gba gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ gbà, wọ́n máa ń fi ìwé kíkà pamọ́ káàkiri igbó, bíi mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, ó ń yàtọ̀ lọ́dọọdún. Bí nọ́ńbà yín bá jẹ́ 37, ojú ìwé 37 lẹ ó ya nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Yípo tó tẹ̀ lé e, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà míì.

Ẹ wá fojú inú wò ó. Aago mẹ́ta òru ni, òjò ń rọ̀, ìka ọwọ́ ti kú fún òtútù. Ẹ rí ìwé náà nínú ọ̀rá lábẹ́ àpáta. Ẹ ó tú ọ̀rá, ẹ ó ṣí ìwé tó ti rin gbingbin, ẹ ó wá ojú ìwé yín láì jẹ́ kí ti ẹlòmíì fà ya, ẹ ó yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ ó kó o sínú ọ̀rá tiyín, ẹ ó sì dá ìwé náà padà síbi tí ẹ ti bá a gẹ́lẹ́, torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ewé kan ṣoṣo bá já bọ́ lápò yín, yípo yẹn ti lọ. Tí ẹ bá dé géètì yẹ́lò, níbi tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń parí sí, wọ́n á gba àwọn ewé náà lọ́wọ́ yín, wọ́n á kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ tún ìṣirò yẹn ṣe báyìí.

Asáré_Títì:
Mo ti dákẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi rò pé ìfaradà àti ẹsẹ̀ líle ló kù síbẹ̀. Aago mélòó ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ènìyàn lè mọ bó ṣe máa sùn?

Ìtàn_Inú_Igbó:
Ẹnikẹ́ni ò mọ̀, àfi olórí eré. Ìgbàkígbà ni, láàárín aago méjìlá òru sí aago méjìlá ọ̀sán. Gary Cantrell, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní Lazarus Lake tàbí Laz, á fun ìkarahun òkun, ìgbà yẹn ni kálukú á mọ̀ pé ó ku wákàtí kan. Tí wákàtí yẹn bá pé, kì í yìnbọn, kì í ka ení, èjì. Ó máa ń tanná sí sìgá ni, àwọn asáré á gbéra. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pàdánù oorun alẹ́ kan kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá sì padà lẹ́yìn tó ti juwọ́ sílẹ̀, wọ́n á fọn fèrè fún un ní àgọ́, orin tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi ń sìnkú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kún un, torí kò sẹ́ni tó lè lóye eré yìí tí kò bá mọ ibẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1977, James Earl Ray, ẹni tó pa Martin Luther King, fò fẹ́ńsì ọgbà ẹ̀wọ̀n Brushy Mountain, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó kan náà yìí. Ó lo nǹkan bíi wákàtí 54 níta kí wọ́n tó rí i mú. Gbogbo ibi tó sì rìn dé kò ju bíi máìlì mẹ́jọ lọ. Igbó yẹn ló dè é mọ́lẹ̀. Cantrell gbọ́, ó ní láàárín iye àkókò bẹ́ẹ̀, òun á sá tó 100 máìlì. Òun àti Karl Henn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló lọ wo ibẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé orí eré ìje. Barry Barkley tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ ọ́ jẹ́ aládùúgbò Cantrell, wọ́n sì jọ máa ń sáré.

Wọ́n ti pa ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn tì ní 2009. Síbẹ̀ àwọn asáré ti ń gba ihò omi tó wà lábẹ́ ẹ̀ kọjá, nínú òkùnkùn biribiri, tí omi ń ṣàn lẹ́sẹ̀ wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ara mi bù máṣọ. Ibi tí ẹnì kan ń wá ọ̀nà àtisá kúrò ní 1977, ibẹ̀ ni àwọn míì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ̀.

Ẹ̀gún_Orí_Òkè:
Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ Rat Jaw. Òkè kan ni, wáyà iná ńlá ló gba orí ẹ̀ lọ. Torí wáyà yẹn ni wọ́n ṣe gé àwọn igi ibẹ̀ kúrò, oòrùn wá ń ta síbẹ̀ gbangba, ẹ̀gún sì gba gbogbo ilẹ̀ kan. Ẹ̀gún tó ní eyín bíi ti ayùn. Ó dà gàgàrà débi pé ọwọ́ lẹ ó fi máa wọ́ ara yín gòkè, ohun tí ọwọ́ sì máa bá dì mú, ẹ̀gún náà ni. Tí ẹ bá rí fọ́tò asáré tí itan ẹ̀ rí bí ẹni tí ológbò ha, òkè yẹn ló ṣe é. Ilé ìṣọ́ iná igbó ló wà lókè pátápátá.

Ẹ sì rántí pé kì í ṣe ọ̀nà kan náà lójú kan náà lẹ ó máa rí ní gbogbo ìgbà. Wọ́n máa ń yí apá ibi tí asáré máa kọrí sí padà láti yípo kan sí òmíì, òru yóò sì bo púpọ̀ nínú ẹ̀. Igi tí ẹ fi ṣe àmì ní ọ̀sán, tí ẹ bá gba ẹ̀yìn ẹ̀ yọ lóru, igi míì ni lójú yín.

Máa_Bọ̀_Dandan:
Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo gbà, àmọ́ mi ò ní dárí ji àwọn ará ibẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ṣe fún Gary Robbins ní 2017. Ọkùnrin sáré wákàtí 60, ó fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà pẹ́, wọ́n ní kò parí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà! Ẹ wo fídíò ẹ̀ níbi tó ti wó lulẹ̀ lẹ́bàá géètì. Omijé bọ́ lójú mi.

Kọ́ńpáàsì_Lọ́wọ́:
Àbúrò, èmi náà wo fídíò yẹn, ó sì dùn mí dé egungun. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ nípa ẹ̀ rèé: ẹ̀yìn ló gbà wọlé. Apá ibi tó yẹ kó ti yọ kọ́ ló ti yọ. Kùrukùru bolẹ̀ lórí òkè tó kẹ́yìn, ó ṣìnà, ó la odò kọjá, ó sì fi bíi máìlì méjì tó kẹ́yìn sílẹ̀ láìsá. Gbogbo ewé ìwé ẹ̀ pé lọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá tilẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú aago, kò ní wọlé, torí kò parí yípo náà. Òun fúnra ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ọdún yẹn kan náà, John Kelly ti wọlé ní 59:30:53.

Mo ń sọ èyí torí ìtàn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà yẹn ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ó ń jẹ́ kí wọ́n rò pé ká ní ó tẹra mọ́ ọn díẹ̀ sí i ni. Kì í ṣe eré ló kù díẹ̀ káàtó, ojú ọ̀nà ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdáhùn tí Asáré_Títì ń wá gan-an nìyẹn.

Irú ẹ̀ ti ṣe èmi náà rí, nínú eré òru kan tí kò tó ìdá mẹ́rin Barkley. Kùrukùru ni níbẹ̀ náà. Iná orí mi kàn ń lu funfun, mi ò rí ju apá méjì lọ níwájú. Máàpù ní kí n gba ẹ̀yìn òkè tó tẹ́ẹ́rẹ́ lápá ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó fẹ̀, tó rọrùn fún ẹsẹ̀, òsì ló wà. Ẹsẹ̀ mi ti yàn kí n tó ronú. Mo sọ̀ kalẹ̀ bíi ogójì ìṣẹ́jú, inú mi ń dùn pé mo ń yára. Ìgbà tí mo dúró mumi ni mo gbọ́ odò. Apá ọ̀tún ló yẹ kó ti máa dún, apá òsì ló ti ń dún. Mo yọ kọ́ńpáàsì, mo wò ó, mi ò gbà á gbọ́. Mo gbọn-ọ́n, mo tún wò ó. Mo ń bá abẹ́rẹ́ jiyàn! Ó tó wákàtí méjì kí n tó gun òkè yẹn padà, ẹsẹ̀ mi ò sì bọ̀ sípò mọ́ títí eré fi parí.

Máa_Bọ̀_Dandan:
Mi ò mọ ti máìlì méjì yẹn rárá, ẹ̀gbọ́n. Fídíò nìkan ni mo rí. Ẹ ṣeun tí ẹ là mí lójú.

Ìyá_Asáré:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Oorun lẹ ò tíì fọwọ́ kàn dáadáa. Karel Sabbe, oníṣègùn eyín ará Belgium, asáré gidi ni. Ní 2022, ní yípo kẹrin, àìsùn da orí ẹ̀ rú débi pé ó jáde kúrò nínú igbó bọ́ sí àárín ìlú. Ó rí ẹnì kan tó dúró, ó lọ bá a sọ̀rọ̀, agolo ìdalẹ̀nù ni. Ọlọ́pàá ló fi mọ́tò gbé e padà sí àgọ́. Àwọn kan máa ń fi í rẹ́rìn-ín, èmi ò lè fi í rẹ́rìn-ín. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó padà sí igbó kan náà, ó parí ẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà àti díẹ̀.

Ẹni tí mo wá sọ̀rọ̀ ẹ̀ gan-an ni Jasmin Paris. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, dókítà ẹranko, ìyá ọlọ́mọ méjì. Ní 2019, nígbà tó ṣì ń fún ọmọ lọ́mú, ó sá Spine Race, eré 268 máìlì, ó ń dúró lójú ọ̀nà fún omú ẹ̀ fún ọmọ, ó sì gba ipò kìíní, ó fi gbogbo ọkùnrin sẹ́yìn. Ní ti Barkley, Cantrell ti máa ń sọ ọ́ láìfi pamọ́ pé obìnrin ò lè parí ẹ̀. Jasmin lọ ní 2022, ó parí yípo mẹ́ta. Ó padà ní 2023, ó wọ yípo kẹrin. Ó tún padà ní 2024.

Mo jókòó ti fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kì í gbé eré yẹn sáfẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa rí kà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí ìròyìn. Ó ku márùn-ún, kò sí. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ó ti bọ́. Àfi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ jáde: 59:58:21. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló kù! Nígbà tí mo rí fọ́tò ẹ̀ lẹ́yìn náà, bó ṣe gbá géètì mú tó sì wó lulẹ̀ síbẹ̀, tí ẹ̀gún ti ha gbogbo ẹsẹ̀ ẹ̀, mo pariwo débi pé àwọn ọmọ mi jí. Obìnrin àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí eré náà ti wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ ni àbí orí, ẹ wo ọdún mẹ́ta yẹn. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ẹ̀ yára sí i láàárín 2022 sí 2024. Igbó yẹn ló ń kọ́.

Ọ̀rọ̀_Mi_Nìyí:
Mo gbóríyìn fún Jasmin tọkàntọkàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe eré yìí ò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọn ò sọ bí ènìyàn ṣe ń forúkọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àfi kí ẹ wádìí ẹ̀ lábẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ lẹ́tà nípa ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gbà yín. Bíi 40 ni wọ́n ń mú. Owó ẹ̀ jẹ́ dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 60, ẹni tó bá ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ á sì mú nọ́ńbà mọ́tò láti ìlú ẹ̀ dání. Èyí tó dùn mí jù ni nọ́ńbà 1. Ẹni tí wọ́n rò pé kò lè ṣe nǹkan kan ni wọ́n ń fún, wọ́n ń pè é ní ẹni ìrúbọ. Ènìyàn fi oṣù mẹ́fà múra, ẹ wá sọ ọ́ di ẹran ẹbọ lójú gbogbo ayé? Kò dáa.

Ẹ̀gún_Orí_Òkè:
Ti nọ́ńbà 1 yẹn, mo fara mọ́ yín. Kò wù mí náà.

Àmọ́ ti owó yẹn, mo rò pé ó yẹ kí ẹ yìn wọ́n. Ẹ wo iye tí àwọn eré inú igbó ńlá ńlá ń gbà lónìí. Eré tí òkìkí ẹ̀ kàn ká ayé, tó ṣì ń gba dọ́là kan àti díẹ̀ àti nọ́ńbà mọ́tò, kì í ṣe owó ni wọ́n ń wá. Iye ènìyàn tó kéré náà, igbó ló ń jàǹfààní ẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọba ń dáàbò bò ni, kò sí ọ̀nà tí wọ́n là sí púpọ̀ nínú ibi tí wọ́n ń gbà. Bí ẹ bá kó ènìyàn 500 gba Rat Jaw lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ló máa ṣẹ́kù?

Ọ̀rọ̀_Mi_Nìyí:
Ti igbó yẹn, mo gbọ́. Ti nọ́ńbà 1, ọ̀rọ̀ mi ò yí padà.

Ìtàn_Inú_Igbó:
Ohun kan tí mo fẹ́ kí Asáré_Títì mọ̀: ojú ọ̀nà yẹn kì í dúró sójú kan. Mark Williams, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ẹni àkọ́kọ́ tó parí 100 máìlì yẹn, ní 1995, ní 59:28:48. Ó di 2001 kí ẹlòmíì tó tún parí ẹ̀. Brett Maune ló sá a yára jù, ní 2012, wákàtí 52 àti ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí àwọn ènìyàn bá ti ń mọ igbó náà, Cantrell á fi òkè míì kún un. Ní 2023, ènìyàn mẹ́ta ló parí. Ní 2024, márùn-ún, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó di 2025, kò sí ẹnì kankan. John Kelly, tó ti parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òun nìkan ló parí yípo mẹ́ta lọ́dún náà.

Asáré_Títì:
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo wá síbí láti béèrè nípa ẹsẹ̀, mo ti rí i pé mi ò tíì mọ ohun tí mò ń béèrè. Òótọ́ ni kí n sọ: mi ò tíì di kọ́ńpáàsì mú rí láyé mi. Mo ti rà á báyìí, mo sì ti rí máàpù òkè kan tí kò jìnnà, kò ga púpọ̀. Mo fẹ́ lọ síbẹ̀ lálẹ́ Sátidé. Ẹ̀gbọ́n Kọ́ńpáàsì, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀?

Kọ́ńpáàsì_Lọ́wọ́:
Ọ̀sán ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ẹ má tíì fi alẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sáré rárá. Ẹ yan ibi kan lórí máàpù, igi ńlá tàbí ibi tí odò méjì ti pàdé, kí ẹ tó gbéra kí ẹ sọ ọ́ sókè fún ara yín ohun tí ẹ máa rí lọ́nà: òkè lápá ọ̀tún, omi lápá òsì, ilẹ̀ ń ga. Bí ohun tí ẹ rí bá yàtọ̀ sí ohun tí ẹ sọ, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má rìn ju ogún ẹsẹ̀ lọ láì dúró wò ó. Ẹ fi ìwé kékeré kan pamọ́ síbi tí ẹ dé, kí ẹ padà sílé.

Tó bá wá di alẹ́, ẹ lọ wá ìwé yẹn. Ẹ sọ fún ará ilé ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa dé. Ẹ mú fóònù dání, àmọ́ ẹ pa á, kí ẹ sì kó o sí ìsàlẹ̀ àpò. Tí ẹ bá rí ìwé náà, ẹ ya ojú ìwé kan níbẹ̀, kí ẹ wá sọ fún wa níbí iye wákàtí tó gbà yín.

Asáré_Títì:
Ó di ọjọ́ Àìkú. Màá mú ojú ìwé 14 bọ̀, iye máratọ́ọ̀nù tí mo ti sá.